Ẹyẹ Búlúù Ilé Salome

Kí ẹnikẹ́ni tó bá mi wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ara mi wí. Òmùgọ̀ ni mí. Kì í ṣe òmùgọ̀ kékeré o. Òmùgọ̀ tó sanra ni, tó ń dé wíìgì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ń pàṣẹ fáwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Èmi Mabel Adéríbigbé, ìyá Hilda, tí mo ti ní ọmọ-ọmọ tó ń fá irùngbọ̀n, èmi ni mo torí ẹyẹ tí kò kún ọwọ́ mú ọlọ́pàá lọ bá ọmọ ọkọ mi.

Bọ́jì ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà. Ọmọ ìyá kan ni òun àti ayékòótọ́, àmọ́ kékeré ló mọ, kì í sì í dákẹ́ láti òwúrọ̀ bí obìnrin tó ń kó ọ̀rọ̀ ilé onílé kiri. Christopher ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń sìn wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Àgùdà. Àwọn kan jẹ́ aláwọ̀ ewé, ojú wọn pọ́n rúsúrúsú. Àwọn kan jẹ́ búlúù, ojú tiwọn funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún.

Nígbàkigbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ bá ti dàgbà tó láti kúrò lábẹ́ ìyá wọn, Christopher á gbé àga síwájú kéèjì, á máa yan èyí tó máa dúró sílé àti èyí tó máa fún èèyàn. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé kì í yan èyí tó rẹwà. Á na ìka sí eléwé játijàti kan tí èmi ì bá fi ta ológìnní lọ́rẹ, á ní, "Mabel, èyí ò ní kúrò nílé yìí. Búlúù ni ìyá rẹ̀."

Èmi á ní, "Ìyá rẹ̀ jẹ́ búlúù, òun alára ńkọ́? Ṣé ìyá rẹ̀ la ó máa rí nínú kéèjì ni?"

"Ó wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ ewé máa ń bo búlúù mọ́lẹ̀ ni. Tí eléwé méjì tó gbé búlúù pamọ́ bá wá pàdé ara wọn..."

Ibẹ̀ ni oorun ti máa ń gbé mi lọ. Kí Ọlọ́run foríjì mí, ohùn ọkọ mi dùn ún sùn sí. Ohùn tíṣà ni. Mo máa ń hanrun débi pé àwọn ẹyẹ pàápàá á dákẹ́ láti gbọ́ ohun tí mò ń wí. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ọkùnrin yẹn kọ́ mi lórí ẹyẹ, ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń pàdánù rẹ̀.

Christopher ní ilé kejì. Èmi ni ìyàwó òrùka, ṣùgbọ́n ìka ni òrùka ń wọ̀, kì í wọ ẹsẹ̀ ọkùnrin. Salome wà ní Ìpọ̀nrí, ó bí Akínlabí fún un. Nígbà tí ara mi ṣì le, mo bá Salome jà dé ibi ká fa gèlè lórí ara wa. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, a wá di ọ̀rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ń pè mí ní Ìyáálé mi. Ọmọ rẹ̀ ń pè mí ní Mọ́mì Àgùdà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń fi nǹkan dé etí, tí wọ́n á máa gba ìpè àwọn oníbàárà láàárọ̀ dalẹ́. Àwọn kan á bú u, àwọn kan á sunkún sí i létí, òun á ṣáà máa wí pé, "Mò ń gbọ́ yín, mà." Mi ò tíì rí ẹni tó ní sùúrù etí bíi tirẹ̀.

Nígbà tí Christopher kú, ẹbí pé jọ. Jude, àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí, pín ilẹ̀, ó pín aṣọ, ó pín bàtà dórí èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti lu. Ó wá ku ẹyẹ.

"Ìdí igi la ó fi pín in," Jude wí. "Ìyá méjì, ìpín méjì. Ìyáálé ni yóò kọ́kọ́ mú."

Hilda ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá kékeré, ẹyẹ náà lẹ fẹ́ fi ìdí igi pín?"

"Ohun tí bàbá yín bá fi sílẹ̀ ni. Ì báà ṣe eṣinṣin."

Salome ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ wà ní Àgùdà, níbi tí Dádì fi wọ́n sí. Èmi á máa wá wò wọ́n."

Kí ó máa wá wò wọ́n kẹ̀? Kí ó máa wọ ẹ̀yìnkùlé mi nígbà tó bá wù ú, kí ó máa ka aṣọ tí mo sá? Mo ní rárá, ká pín in. Mo dìde, mo wo kéèjì wò bí ẹni ń yan léèsì. Mo ní, "Gbogbo búlúù jẹ́ tèmi. Kó máa kó eléwé lọ." Kò sẹ́ni tó jiyàn. Búlúù bá yunifọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa mu, ìyẹn ti tó mi ní ìdí. Ní ìsàlẹ̀ ikùn mi, mo tún ní ìdí mìíràn: mo rò pé láti ọjọ́ náà lọ, kò ní sí búlúù nílé Adéríbigbé kankan mọ́ àfi tèmi. Ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí ó bá wù láti rí búlúù, ọ̀dọ̀ mi ni yóò wá.

Ṣé ẹ rí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tú ohun tí Christopher fi gbogbo ọjọ́ ogbó rẹ̀ so pọ̀. Ìdí igi ni, ó bófin mu, ó sì dọ́gba lójú.

Kò pẹ́ tí àwọn búlúù mi bẹ̀rẹ̀ sí í já mi kulẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ló pọ̀ jù nínú wọn, mi ò sì mọ̀. Mo ń so ẹ̀gbọ́n pọ̀ mọ́ àbúrò, mò ń retí ọmọ. Wọ́n á yé, wọ́n á sàba, gbogbo ẹyin á jásí ọ̀bu. Ilé mi ń rùn bí ẹni pé èmi ni mo sàba lórí wọn. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Akínlabí wá bá mi tún wáyà kéèjì tó ti dípẹtà ṣe. Ó fi gbogbo ọ̀sán ṣe é, ó mu gààrí, ó lọ. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí mo ka ẹyẹ mi tí mi ò rí méjì. Mi ò wí fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn gbé e sí ikùn, ó sì ń wú níbẹ̀.

Ìgbà òjò ti dé nígbà tí Salome pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń fò fẹ̀rẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ wá wo ohun tí Dádì ṣe fún wa ní Ìpọ̀nrí. Mi ò ní sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ wá fojú ara yín rí i."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìdí mi gba àyè èèyàn méjì, awakọ̀ ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú títí a fi dé. Salome ti gbé kéèjì kan sí fàráńdà. Akọ eléwé kan àti abo eléwé kan wà lórí igi, àwọn ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu ìyẹ́ tò sí ìsàlẹ̀. Méjì jẹ́ eléwé. Méjì jẹ́ búlúù, ojú wọn funfun báláú.

"Ẹ ò rí i?" Salome ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìdí ìró nu ojú. "Èyí tó tóbi yẹn, mo ti sọ ọ́ ní Babátúndé. Èkejì, tiyín ni. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n dá jẹun tán, Akínlabí á gbé e wá fún yín."

Mo ní, "Níbo lo ti rí búlúù?"

"Inú àpótí ìtẹ́ ni. Ìyá wọn ló yé ẹyin wọn."

"Ìyá wo? Eléwé yìí? Salome, láti ìgbà wo ni ewúrẹ́ ti ń bí àgùntàn?"

"Èmi ò mọ bó ṣe ṣe é o. Dádì máa ń wí pé wọ́n máa ń gbé e pamọ́."

"Èèyàn ló ń gbé nǹkan pamọ́," mo dá a lóhùn.

Akínlabí jáde láti inú ilé, ó dọ̀bálẹ̀. Mi ò tilẹ̀ jẹ́ kó dìde tán.

"Ìgbà wo lo wá tún wáyà mi ṣe?"

"Lẹ́yìn Àjíǹde ni, Mọ́mì."

"Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni búlúù mi méjì sọnù. Akọ kan, abo kan. Wọ́n wá bímọ sí Ìpọ̀nrí."

Ó wo ìyá rẹ̀, ó tún wò mí. "Mọ́mì Àgùdà, ṣé olè lẹ̀ ń pè mí?"

"Èmi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Kéèjì ló ń pè é."

Mo rántí pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo rò pé mo gbọ́n.

Salome ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ẹ kó gbogbo ẹyẹ náà lọ, Ìyáálé mi. Ti eléwé, ti búlúù, ẹ kó o. Ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ ọmọ mi sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òun nìkan ni mo ní." Àwọn aládùúgbò ti ń yọ orí lójú fèrèsé. Mo rí wọn, mo tún gbé ohùn sókè sí i.

Ọmọ ìjọ wa kan wà tó jẹ́ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ìsìn, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ròyìn fún un. Mo ní, "Ẹ kàn bá mi dẹ́rù bà á ni. Kó jẹ́wọ́, kó dá ẹyẹ mi padà, ó parí." Ẹ gbọ́ ohun tí arúgbó ń wí. Ẹ kàn bá mi dẹ́rù bà á. Bí ẹni pé ẹ̀rù wà nínú ìgò, kí wọ́n bu ìdajì ṣíbí fún un.

Wọ́n lọ mú un ní ojúmọmọ, lójú gbogbo àdúgbò, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn láti lọ tọ́ka sí kéèjì. Akínlabí ò bá wọn jà. Ó kàn yíjú sí mi, ó ní, "Mọ́mì Àgùdà, ẹ sọ fún wọn pé ẹ mọ̀ mí."

Ẹyẹ ni mò ń wò. Mo ń wò ó bóyá wọ́n gbé e dáadáa.

Ní tésàn, wọ́n ní kó jẹ́wọ́, ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ jẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn fọ́ ọ létí, ìfọ́tí olóyì, lápá òsì. Ìlù etí rẹ̀ ya. Nígbà tí Jude yóò fi lọ gbà á sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́rùn. Jude pè mí, kò kí mi. Ó ní, "Ìyá Hilda, mo ti gba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹyẹ tiyín ńkọ́, ṣé wọ́n ti jẹun?" Ó sì pa fóònù.

Dókítà ní etí náà lè san, ó sì lè má san. Kò san. Àwọn oníbàárà ń bínú pé ó ń ní kí àwọn tún ọ̀rọ̀ sọ, ọ́fíìsì ní kó lọ sinmi nílé ná. Ní àdúgbò wọn, àwọn ọmọ kékeré ń dún bí ẹyẹ tó bá ń kọjá. Salome ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, torí ọjọ́ kan tó jókòó, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

Èmi ńkọ́? Mo jẹun, mo sùn. Mo fi àwọn ọmọ eléwé sílẹ̀ ní Ìpọ̀nrí, mo da àwọn ọmọ búlúù méjèèjì pọ̀ mọ́ tèmi, wọn ò sì tíì mọ̀ ọ́n jẹun dáadáa láìsí bàbá wọn tó ń fún wọn lónjẹ lẹ́nu. Babátúndé kú. Mo fi bébà ìròyìn wé e, mo sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Èkejì yè é, ṣùgbọ́n kò dàgbà dáadáa.

Ọlọ́pàá ti ní kí n tọ́jú akọ àti abo eléwé náà, pé ẹ̀rí ni wọ́n. Mo gbé kéèjì wọn sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, jìnnà sí àwọn búlúù tó wà lẹ́yìnkùlé. Mò ń ti ilẹ̀kùn, mò ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró, kí Salome má baà wá jí ẹ̀rí mi. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣe ohun tí tọkọtaya ń ṣe. Nígbà tó pẹ́, abo wọ inú àpótí, ó yé. Ó sàba, ṣùgbọ́n ariwo tẹlifíṣọ̀n àti ariwo ẹnu mi ò jẹ́ kó fara balẹ̀. Gbogbo ẹyin jásí ọ̀bu, àfi ẹyọ kan.

Ọmọ tó jáde níbẹ̀ wà níhòòhò, ó pọ́n bí ahọ́n, ojú rẹ̀ sì dì. Mo ń yọjú wò ó láàárọ̀, mo ń yọjú wò ó lálẹ́. Mo kàn ń gbàdúrà, èmi tí kì í gbàdúrà fún ẹyẹ: "Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ eléwé." Ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ẹ̀yìn rẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́. Ọjọ́ kan, orí abẹ́rẹ́ náà là. Mo gbé àpótí náà lọ sójú fèrèsé kí n lè rí i dáadáa.

Búlúù ni. Ojú rẹ̀ funfun.

Mo jókòó sílẹ̀, ilẹ̀ lásán, bí mo ṣe sanra tó yìí. Ìyá mi aláró ni, ní Abẹ́òkúta. Ìdí ìkòkò aró ni mo ti kọ́ ìrìn. Mo mọ̀ bí ewé ẹ̀lú ṣe rí nígbà tí wọ́n bá ká a wá láti oko: ewé lásán ni, tútù ni, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á fi se ọbẹ̀. Inú ìkòkò ni àrà tó gbé pamọ́ ti ń jáde. Èmi ọmọ aláró ni mo wá dúró ní fàráńdà Ìpọ̀nrí tí mò ń bèèrè bí búlúù ṣe ń jáde lára ewé.

Nígbà náà ni mo tó ronú kan ẹyẹ mi méjì tó sọnù. Mo pe Hilda kó wá bá mi ti dúróọ̀mù omi tó wà lẹ́yìn kéèjì. Ihò òkété wà níbẹ̀, ó gba abẹ́ kéèjì wọlé, ó tóbi débi tí ọwọ́ mi wọ̀ ọ́. Ìyẹ́ búlúù kún ẹnu rẹ̀.

Hilda wò ó, ó wò mí. "Mọ́mì, láti ìgbà yẹn, ẹ ò ti dúróọ̀mù yìí wò rí?"

Mi ò tì í wò rí. Ó wúwo, orúnkún ń dùn mí, mo sì ti mọ ẹni tó jí i.

Ọjọ́ kejì, mo gbé kéèjì náà, tìyá tìbàbá tọmọ, mo tún gbé èyí tó ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ búlúù tí mo kó wá, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìpọ̀nrí. Mo ní kí awakọ̀ rọra. Akínlabí ló ṣílẹ̀kùn. Ó rù. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo dì í mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kó má baà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu: ẹyin, ìyẹ́, ihò òkété, gbogbo rẹ̀.

Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bọ́ sí apá ọ̀tún mi. Ti òsì yìí ò gbọ́."

Mo yí lọ sápá ọ̀tún. Mo tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ̀ẹ̀kejì ló dùn mí jù.

Salome ti jáde, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi méjèèjì ké bí igi gbígbẹ.

"Ẹ dìde, Mọ́mì," Akínlabí wí. "Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Ẹ má fi mí gégùn-ún."

"Ẹ dìde," Salome náà wí. "Èyí tí ẹ ti ṣe fún un ti tó."

Mo dìde. Mo ní màá lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò wọn pẹ̀lú kéèjì yìí lọ́wọ́. Mo ní màá dúró níwájú ìjọ wọn, màá dúró níwájú ìjọ tèmi, màá jẹ́ kí ọlọ́pàá ọjọ́sí wá wo ẹyẹ náà. Mo ní màá lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Yábàá.

"Wọ́n ti gba ẹlòmíràn," Akínlabí wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó lóṣòó síwájú kéèjì, ó na ìka kan sáàárín wáyà, ọmọ búlúù náà sì rìn wá, ó ń gé e lẹ́ẹ̀kánná jẹ́jẹ́.

Mo wí fún Salome pé kí ó má ṣe rò pé ẹnì kan ló rán mi wá. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ojú ara mi ni mo fi rí i. Bí mo ṣe rí i báyìí ni mo dìde."

Salome wá jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó wo ọmọ ẹyẹ náà títí, bí ẹni ń wá ojú ẹnì kan lára rẹ̀. Kò gbójú sókè wò mí nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ìyáálé mi," ó ní, "tó bá jẹ́ pé ọ̀bu ni ẹyin yẹn náà ńkọ́?"